Arísìkí tí Ìyá Wa Gbọ́

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn ẹ̀gẹ́ tó kan nínú àpò, abúlé wa lẹ́yìn Ìwéré-Ilé ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìyá wa máa ń yan gàrí lágbàlá, èéfín á sì máa ta gbogbo wa lójú. Wọn ò kàwé, àmọ́ ká sọ ti àdúrà! Ṣé o mọ irú ìyá tó jẹ́ pé bí o bá sín lásán, àdúrà ni wọ́n máa fi lé e? Irú wọn nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló máa ń fi ọ̀kadà gbé gàrí náà lọ sọ́jà. Ṣakí ló ti kọ́ ọ̀kadà gígùn, ibẹ̀ náà ló sì ti kó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ gáréèjì bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, lẹ́yìn òjò àrọ̀mọ́jú, ó lọ wo afárá onípákó tó wà lójú ọ̀nà. Nígbà tó padà dé, ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù dé orúnkún. Ó dúró ti ìyá wa nídìí agbada.

"Ìyá, ọ̀nà ọjà tòní yìí, rísíkì ni o."

"Arísìkí ńlá, ọkọ mi! Àmín! Ọlọ́run á jẹ́ kó pọ̀!"

Ó wò wọ́n títí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àmín, Ìyá." Ó di àpò gàrí mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó sì lọ. Afárá já lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀sán ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Ọmọdé ni mí nígbà náà, arísìkí lèmi náà gbọ́. Mo ti dàgbà, mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níléèwé, kí n tó gbọ́ ọ ní gáréèjì Ṣakí tí awakọ̀ kan ń pariwo sí èkejì rẹ̀ pé, "Má gba ọ̀nà yẹn, rísíkì ni!" Ewu ló ń wí. Nílé wa, ọmọ kì í sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò lọ, á kàn gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú wọn ni, kí wọ́n lè fẹnu ara wọn ní, "Jókòó." Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń retí nìyẹn. Àdúrà ni wọ́n fún un, ta ló sì tó kọ àdúrà ìyá? Àfáà kan sọ fún mi pé àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà ló bí méjèèjì. Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ kò tù mí nínú.

Ìyá ti darúgbó báyìí. Bí àlejò bá dé, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ arísìkí ni ọmọ àwọn sọ kó tó lọ, wọ́n á wá yíjú sí mi: "Àbí irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Ìyá."

Mi ò ní sọ fún wọn láéláé. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ṣàdúrà arísìkí fún mi, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ máa ń bà mí kí n tó lè ṣe àmín.