Ẹni Tó Ń Pe Bọ̀ọ̀dá Ùsáínì

Tí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí ohùn lásán ń bà lẹ́rù, ẹ wá wo àbúrò ìyá mi, Bọ̀ọ̀dá Ùsáínì. Ejò kò bà á lẹ́rù. Anthony ọ̀gá rẹ̀, tó ń pariwo bí jẹnẹrétọ̀, kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pè é láti yàrá kejì, kò ní dáhùn. Á kọ́kọ́ dìde wá wo ojú rẹ ná.

Ọmọ ọdún méje ni òun àti Àsáánì, ìbejì rẹ̀, nígbà tí Àsáánì kú ní Ìwó. Ìyá wọn kìlọ̀ fún un nígbà náà: "Tí wọ́n bá pè ọ́, tí o ò rí ojú ẹni náà, má dáhùn o. Ìkejì rẹ lè máa wá ẹni tí yóò bá a ṣeré."

Tíṣà ni Bọ̀ọ̀dá nílé. Ní Houston, iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n gbà á sí, ní àwọn ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ downtown ń gbà láti ọ́fíìsì kan sí èkejì kí oòrùn má baà pa wọ́n. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti pa tì láti ìgbà tí owó epo ti já wálẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, òun nìkan ló ń lọ wò ó bóyá omi ń jò. Ó ní àga bábà kan, àga onígbàjámọ̀, wà níbẹ̀ tó ń kọjú sí ògiri lọ́sẹ̀ kan, tó ń kọjú sí ọ̀nà lọ́sẹ̀ kejì.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ló ń retí. Ẹ sáà wo irun yín!"

"Gbẹ́nu dákẹ́. Wo sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyìn. Tí o bá sọnù ní Houston yìí, òun ni màá fi wá ẹ."

Ní Sátidé kan tí òjò ń rọ̀ láti ìdájí, mo gbé ìrẹsì lọ fún un lọ́sàn-án. N kò sọ fún un pé mò ń bọ̀. Mo bá ilẹ̀kùn irin ẹ̀ka náà ní ṣíṣí sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá wà lókèèrè ní ìta ilẹ̀kùn náà, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń tún pọ́ọ̀ǹpù ṣe. Ó wù mí kí n dẹ́rù bà á. Mo yọ́ wọlé, mo lúgọ sẹ́yìn àga bábà, mo sọ ohùn mi di ti ọmọdé: "Ùsáínì o!"

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀. Kí n tó rẹ́rìn-ín, gbàgà! Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

Òkùnkùn biribiri. "Bọ̀ọ̀dá! Èmi ni! Hanifat ni!" Mo ń lu irin. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ ní òdìkejì, tó ń ké Áyátúlì Kúrísíyù, ẹsẹ Kùránì tí wọ́n fi ń lé ẹ̀mí búburú, lákétúnké.

Lẹ́yìn náà ni omi tutù fọwọ́ kan kókósẹ̀ mi. Láti ẹ̀yìn mi ló ti ń wá. Kò pẹ́, ó dé orúnkún. Bí mo ṣe ń pariwo tó ni ó ń kéwú sí i. Mo tẹríba, mo fọwọ́ wá àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn, mo bọ́ sílípáàsì kan, mo tì í síbẹ̀. Omi gbà á lọ́wọ́ mi.

Kéwú dúró lójijì. Kọ́kọ́rọ́ yí.

Ó gbá ojú mi mú, ó ń wò ó, ó ń wò ó.

Inú mọ́tò ló ti lanu. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni ohùn yẹn pè mí. Nígbà àkọ́kọ́, agogo mẹ́wàá àárọ̀, n kò dá a lóhùn. Èkejì ni mo ti ilẹ̀kùn."

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo pè é. Ní agogo mẹ́wàá, ìrẹsì ṣì wà lórí iná nílé, èmi náà sì wà nídìí rẹ̀.

Ó ń wa mọ́tò, ó ń bojú wẹ̀yìn léraléra.

"Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá," ni mo wí. "Lẹ́ẹ̀mejèèjì."

Ó mí kanlẹ̀. Ó kó mi ní ìkó lórí. "Ọmọ burúkú!"

Ó rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Èmi ni n kò lè rẹ́rìn-ín.