Ọjọ́ Kan Tí Mo Fún Ní Orúkọ Méjì

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ajah ló ní kí n ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣírò ọjọ́ tí àwọn aláboyún máa padà wá. Iṣẹ́ náà rọrùn lójú mi. Bí obìnrin bá wá lónìí, ètò náà á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kún un, á sì kọ ọjọ́ tó kàn sílẹ̀. Mo ṣe é parí nínú fúláàtì mi ní Jakande, mo dán an wò, ọjọ́ tó kàn jáde bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nọ́ọ̀sì àgbà wọn pè mí. "Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, ẹ máa bọ̀ kíá o."

Mo bá aláboyún kan níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Nọ́ọ̀sì fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, ó sì yí kọ̀ǹpútà sí mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé obìnrin náà ti wá rí wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí òní, ní ọjọ́ tí kò tíì dé!

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," obìnrin náà ní, "ṣé mo ti wá lọ́la ni?"

Ọpẹ́lọpẹ́ káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti rí ọjọ́ gidi, ó sì mú un wọlé lọ bá dókítà.

Mo ka ètò mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí àléébù kankan. Mo wo aago kọ̀ǹpútà, ó péye. Mo tiẹ̀ bi nọ́ọ̀sì bóyá ó fọwọ́ kan nǹkan.

"Èmi tí ẹ ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo?" Ojú tì mí.

Ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá mi àtijọ́ ní Oniru. Ó wo iṣẹ́ mi díẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó lo ní níbí?"

"Méjì, mà. Ọjọ́ tó wá àti ọjọ́ tó máa padà wá."

"Rárá o, orúkọ méjì lo ní. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Wọ́n ń pè ẹ́ ní Dádì nílé, wọ́n ń pè ẹ́ ní Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà níta. Bí Dádì bá rìn dé Epe, ṣé Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà á ṣì wà ní Jakande?"

Mo ní mo ti gbọ́, àmọ́ orí mi ṣì ń yí. Ó ní bí mo ṣe ń sún ọjọ́ tó máa padà wá síwájú ni ọjọ́ tó wá náà ń bá a lọ, nítorí náà kí n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ọjọ́ náà, kí n wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kún ẹ̀dà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ sì dúró síbi tó wà.

Èmi àti nọ́ọ̀sì lo ọjọ́ kan gbáko láti fi káàdì àwọn aláboyún tún àwọn ọjọ́ tó ti bàjẹ́ kọ. Ó sọ fún mi pé obìnrin náà ti ń gba oògùn, ara rẹ̀ sì ti ń yá. Ohun tí kò yé mi dòní ni bí mo ṣe dán ètò yẹn wò léraléra tó jẹ́ pé ọjọ́ tó ń bọ̀ nìkan ni mò ń wò, tí mi ò bojú wo èyí tó ti lọ rárá.