Nọ́ńbà Ara Kọ̀ǹpútà Mi

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń ra kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ìgbọ́kọ̀dá ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta kọ̀ǹpútà wà, kò jìnnà sí èbúté, níbi tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì sẹ́fíńtì-fáìfù lágbára ju fọ́tì lọ. Èmi náà wo nọ́ńbà eré tí wọ́n kọ sára láptọ́ọ̀pù mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta. Ti àbúrò mi obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò tó méjì. Ìran kejì ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà tèmi, ìran kẹwàá, tó tuntun ju tèmi lọ, ni tirẹ̀, àmọ́ lójú mi, ẹnu òǹtajà lásán ni ọ̀rọ̀ ìran. Nígbàkígbà tó bá fi tirẹ̀ yangàn, màá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. N kò mọ̀ pé ara mi ni mo ń bú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, awakọ̀ ojú omi kan láti abúlé Molutehin mú ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé. Ilé-ẹ̀kọ́ kan fẹ́ gba ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní kó fi fídíò ránṣẹ́, kó sọ ohun tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe. Fídíò inú fóònù rẹ̀ tóbi ju èyí tí wọ́n lè gbà lọ, a ní láti dín in kù, aago márùn-ún ni wọn ò sì ní gba ti ẹnikẹ́ni mọ́. Aago mẹ́ta ti kọjá díẹ̀. Àbúrò mi nawọ́ sí fóònù náà, mo já a gbà. Mo ní iṣẹ́ ńlá, ẹ́ńjìnnì ńlá.

Láptọ́ọ̀pù mi bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbóná débi pé n kò lè gbé ọwọ́ lé e. Nígbà tí aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò tíì ṣe é dé ìdajì.

“Bọ̀dá, ṣé ẹ so ó mọ́ ọkọ̀ kí ẹ tó rà á?” ni baba ọmọ náà bi mí.

Mo ní kò yé mi.

“Éè ṣe nọ́ńbà là ń wò. Bí a bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì, a á so ó mọ́ ọkọ̀, a á so òmíràn mọ́ ọkọ̀ kejì, kí méjèèjì jọ sáré. Èyí tó bá kọ́kọ́ padà dé èbúté la máa ń rà. Ẹ jẹ́ kí sìsí yìí náà gbìyànjú.”

Ojú tì mí, síbẹ̀ mo bẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Wọ́n fún mi. Nígbà tí àbúrò mi gba fóònù náà sórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ níkẹyìn, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló fi parí iṣẹ́. Aago márùn-ún ti fi ìṣẹ́jú kan kọjá.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó ní, “Ẹ ṣé, bọ̀dá.” Ó dùn mí ju èébú lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kà á pé ọpọlọ tuntun lè ní ọwọ́ mẹ́rin níbi tí ti àtijọ́ ti ní méjì, pé wọ́n tilẹ̀ ṣe apá kan sínú rẹ̀ fún iṣẹ́ fídíò nìkan. Ìmọ̀ yẹn kò wúlò fún ọmọ náà mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún kò gba ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún kejì. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ náà fi bá ìyá rẹ̀ yan ẹja kó tó rí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wọ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ náà wá ra láptọ́ọ̀pù lọ́dọ̀ mi. Mo gbé méjì kalẹ̀ fún un, kò béèrè nọ́ńbà kankan. Ó mú fóònù jáde, ó ní, “Ẹ kọ́kọ́ fi eléyìí dán méjèèjì wò.”

Fídíò ọjọ́sí ni. Mo fi í sórí láptọ́ọ̀pù méjì, mo tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, òun náà sì tẹ tinú fóònù kó máa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, n kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohùn ọmọdé kan ní, “Mo fẹ́ di nọ́ọ̀sì, kí àwọn aboyún ilé wa má máa kú sínú ọkọ̀ mọ́ kí wọ́n tó dé ọsibítù.”

Èyí tó rà fi ìṣẹ́jú méjì parí rẹ̀. Lọ́wọ́ tèmi, ọdún mẹ́ta ló gbà.