Àgbo Tí Màámi Fi Pamọ́

Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá màámi lẹ́nu ọ̀nà fúláàtì wa ní Peckham, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n gbé báàgì kọ́ apá. Wọ́n ní ilééwé làwọn ń lọ, pé àwọn ọmọ kíláàsì àwọn ti ń dúró. Bẹ́ẹ̀, ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Abẹ́òkúta.

Mo na ọwọ́ láti dì wọ́n mú. Wọ́n fà sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n kọjá."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, màámi ò pè mí ní sà rí. Mo fọwọ́ kan iwájú orí wọn, ó gbóná janjan. Mo pe áńbúláǹsì.

Ní ọsibítù, wọ́n gba ìtọ̀ wọn, wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà ní kòkòrò ti wọ ilé ìtọ̀ wọn, pé ó lè da ọpọlọ àgbàlagbà rú bẹ́ẹ̀. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù díẹ̀. Oríṣi oògùn méjì ni wọ́n ti fún wọn, kòkòrò náà ò sì gbọ́ tiwọn mọ́. Èmi tí a jọ ń gbélé, mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ojú tì mí.

Nígbà tí orí wọn padà wálé, mo bi wọ́n léèrè.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Wọ́n kọjú sí fèrèsé. "Ṣé ọkùnrin ni n ó máa sọ fún pé ìtọ̀ ń ta mí?"

"Ọmọ yín mà ni mí."

"Mo mọ̀. Ọmọkùnrin sì ni ọ́."

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi fa oògùn mìíràn sí wọn lára kí a tó wálé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn ni mo rí ìgò kan láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Mo ṣí i. Òórùn efinrin àti omi ògì ló kọ́kọ́ jáde. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́sáláásí ló ra ewé lọ́jà Rye Lane, tó rẹ àgbo náà fún wọn.

Inú bí mi. Mo kọrí sí síńkì láti dà á nù. Màámi di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Oògùn òyìnbó méjì ni mo lò tí kò ràn mí. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n tún máa pè ẹ́ ní sà?"

Mi ò mọ̀ pé wọ́n rántí. Mi ò lè da ìgò yẹn nù mọ́. Mo bá wọn wọ kóòtù, a sì jọ gbé e lọ sí kẹ́míìsì.

Apoògùn tó wà níbẹ̀, ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan, mú wa wọ yàrá kékeré. Ó gbóòórùn ìgò náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Efinrin rèé, Mọ́mì. Kí ló tún wà níbẹ̀?"

"Ewé gúáfà. Atalẹ̀. Àti egbò kan tí ọ̀rẹ́ mi ò mọ orúkọ ẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. "Egbò yẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo rí i nínú ìwé ọsibítù yín pé àìsàn yìí ti kan kíndìnrín yín, kò sì tíì le dáadáa."

Màámi gbé ohùn tíṣà wọn wọ̀. "Ṣé ìwọ náà rò pé ìwà òmùgọ̀ ni mo hù?"

"Rárá o, Mọ́mì." Ó ní àwọn onímọ̀ ń fún oje irú ewé báyìí sórí kòkòrò tí oògùn ò ràn mọ́, pé òmíràn ń kú lóòótọ́. "Ṣùgbọ́n inú abọ́ kékeré nílé àyẹ̀wò nìyẹn. A ò tíì mọ̀ bóyá á ṣiṣẹ́ nínú ara èèyàn, a ò sì mọ ìwọ̀n tí kò ní pa wá lára."

Màámi wo ìgò náà. "Ìyẹn ni pé kò tíì ṣe ìdánwò tán."

"Kò tíì ṣe é tán, Mà."

"Ó dáa. Ẹni tí ò tíì ṣe ìdánwò tán, a kì í fún un níwèé ẹ̀rí." Wọ́n ti ìgò náà sí i lọ́wọ́.

Àìsàn náà tún yọjú lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà òtútù. Mo ń se ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí màámi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, tí wọ́n wo ojú mi kòrókòró.

"Ìtọ̀ ń ta mí láti àárọ̀."

Mo pa iná, a gbé ìtọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Àyẹ̀wò fi hàn pé oògùn kan ṣì wà tí kòkòrò náà ń bẹ̀rù. Wọ́n lò ó pé, ara sì yá. Bí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí a lọ gba oògùn yẹn, màámi gbé orí lé mi léjìká, wọ́n ní ṣé mo tiẹ̀ ti jẹun.