Ìlà Kejì Tí Juliana Yà

Juliana Ọlákìtán kì í gbẹ́lẹ̀, kì í sì í gun òpó. Ọ́fíìsì ló máa ń jókòó sí nítòsí Mazamaza, tí á máa ya ibi tí wáyà fáíbà yóò gbà lábẹ́ ilẹ̀ sórí máàpù, kí íńtánẹ́ẹ̀tì lè délé àwọn èèyàn. Festac ni wọ́n bí i sí, kò sì sí gọ́tà kan níbẹ̀ tí kò fò rí nígbà tó wà ní kékeré.

Ìyá rẹ̀, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ní Amúwo, bi í léèrè nígbà kan pé kí ló wà nínú wáyà náà gan-an.

"Ìmọ́lẹ̀ ni, Màámi. Ó ń sáré nínú gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí. Tó bá kọlu ẹ̀gbẹ́, á ta padà sínú. Àmọ́ bó ṣe ń lọ ló ń rẹ̀ ẹ́. Gbogbo ibi tá a bá ti so ó pọ̀ ló ti ń dín kù."

"Bíi tèmi náà nìyẹn," ni ìyá wí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń mú inú obìnrin yìí dùn. Ní gbogbo Sátidé, láago mẹ́rin, Jesse àbíkẹ́yìn rẹ̀ máa ń pè láti Kánádà, tí wọn á rí ojú ara wọn. Ọdún méjìlá ló ti lọ, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò sì tíì pé débi tó fi lè wálé. Nígbà tí dókítà ní kí wọ́n gbé ìyá padà sílé, ẹ̀rù ba Jesse pé íńtánẹ́ẹ̀tì lè gé lọ́jọ́ tí òun bá fẹ́ dágbére fún un. Juliana fi í lọ́kàn balẹ̀ pé, "Ọ̀nà méjì ni mo yà wọ Amúwo. Bí ọ̀kan bá gé, ìmọ́lẹ̀ á gba èkejì."

Lórí máàpù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé Bàbá Yísà, olórí ẹbí kan tó nilẹ̀ ní Kuje nítòsí Amúwo, ni ìlà kejì gbà kọjá. Lọ́jọ́ tí àwọn agbẹ́lẹ̀ dé, bàbá náà jáde láìwọ bàtà.

"Ọmọ mi, bàbá mi àti bàbá tó bí wọn ló sùn síbí. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n tú ilẹ̀ lórí wọn."

Juliana gbà, n kò sì bá a wí fún ìyẹn. Ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló ń bí mi nínú. Kó má baà tún máa kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda kiri fún oṣù mélòó kan láti gba ilẹ̀ ẹlòmíì, ó ní kí wọ́n ri wáyà kejì mọ́ inú kòtò ti àkọ́kọ́, lẹ́bàá gọ́tà, pé òun á tún un ṣe tó bá yá. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Ìlà méjì ṣì wà lórí máàpù, ọdún méjì sì kọjá.

Ní Sátidé kan, láago méjì ọ̀sán, Bímpé tó ń tọ́jú ìyá pè é ní ọ́fíìsì. "Àǹtí, mímí Màámà ti yàtọ̀ o. Jesse ni wọ́n ń béèrè."

Kí ó tó fèsì, fóònù dákẹ́. Katapílà tó ń kó gọ́tà ti fa wáyà já, inú wáyà náà sì ni òpó fóònù Amúwo ti ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

"Ọ̀nà méjèèjì ló kú!" ni Akínfẹ́nwá ọ̀gá rẹ̀ ń pariwo. "Báwo ló ṣe jẹ́?"

Juliana nìkan ló mọ̀. Ó rò ó bóyá kí òun sáré lọ sílé, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ bá ìyá sọ láìsí Jesse? Ibi kòtò ló gbà lọ. Ó fi ẹ̀rọ tan ìmọ́lẹ̀ sínú wáyà àkọ́kọ́ láti mọ ibi tó ti gé: mítà ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ogóje. Ó yẹ èkejì wò. Iye kan náà ni. Àwọn òṣìṣẹ́ wo ojú ara wọn, ojú sì tì í. Ó bá wọn jókòó sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń so gíláàsì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìmọ́lẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ tí Bímpé ti fi ránṣẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé: Màámà ti sinmi, láago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Ibi tí ó ti ń kà á ni ojú Jesse ti yọ lórí fóònù.

"Sísítà, láti aago mẹ́rin ni mo ti ń pè. Ṣé ẹ ò sọ pé ọ̀nà méjì ni?"

Omi ti bo ojú Juliana.

"Ọ̀kan ni, Jesse. Ọ̀kan ṣoṣo ni láti ọjọ́ yìí wá."