Ta Ló So Aṣọ Mọ́ Ẹsẹ̀ Adìyẹ Ìyá Fúnmi?

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wọ àgbàlá wa láàárọ̀ yìí?

Láti ìgbà tí Ìyá Fúnmi, aládùúgbò wa, ti kú, kò sẹ́ni tó bojú wo adìyẹ wọn. Àkísà tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ fún àmì nígbà tó wà lọ́mọ ti wọ inú ẹran. Èmi ni mo gé àkísà náà kúrò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àràárọ̀ ni mò ń fi omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ egbò náà, tí mo sì ń fi òrí pa á.

Lónìí, mo ṣí àgò. Adìyẹ dúró ṣánṣán! Ẹsẹ̀ ti mọ́, òrí tuntun ń dán lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò tíì fọwọ́ kàn án. Wọ́n so aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn, wọ́n dẹ̀ ẹ́ dáadáa, kò fún un rárá.

Mo sáré pe Àǹtí Fúnmi, ọmọ olóògbé náà.

"Okun o, Àǹtí, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ so èyí?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó títí.

"Èmi kọ́ o. Aṣọ màmá mi nìyí. Òun la fi sin wọ́n."

"Bóyá ó ṣẹ́kù díẹ̀ nílé?"

"Odindi ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wé e mọ́ wọn lára."

Adìyẹ gba àárín wa kọjá, kò tiro mọ́, ó lọ sàba sórí sàréè Ìyá Fúnmi ní ẹ̀yìnkùlé wọn.

Àǹtí ní kí n tú aṣọ náà dànù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ láyà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá tú u, ṣé wọn ò ní padà wá so ó?