Kò Sẹ́ni Tó Wo Ẹnu Ọmọ Mi

Gbogbo àyà búláòsì mi ló máa ń tutù lọ́dún tí àwọn sọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá, itọ́ ọmọ mi ni. Inú mi dùn débi pé n kì í tiẹ̀ pààrọ̀ aṣọ! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, mo ti di ìyá ọmọ, mo wá ń yan kiri Bàrígà bíi pé èmi ni mo kọ́kọ́ bímọ láyé. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi là ń gbé ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà níbẹ̀ náà, ẹja ni wọ́n ń yan tà. Nílé yẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí eyín ọmọ ló máa ra adìẹ fún un. Ni kò bá sẹ́ni tó fẹ́ wo ẹnu ẹ̀. Tó bá ti yanu báyìí, wọ́n á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi náà á máa bá wọn rẹ́rìn-ín, òmùgọ̀ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ tó ń rákòrò nídìí ẹja ṣàdédé figbe ta. Itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà ṣòròṣòrò. Mo fi ọmú sí i lẹ́nu, ó kọ̀. Ọ̀fun ẹ̀ ń dún bó ṣe ń mí.

"Màámi, ẹ wo ọmọ yìí o!"

"Ìyàwó, eyín ni. Èmi ò ní adìẹ o, má tàn mí!"

Àwọn ìyá ará ilé méjì tún bú sẹ́rìn-ín. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́ta ló jókòó níbẹ̀! Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé ìyàwó ilé ni mí.

"Ẹ máa ṣọ́ adìẹ yín!"

Mo gbọ́mọ, mi ò wọ bàtà, ó di ọsibítù.

Egungun ẹja ni dókítà yọ lọ́fun ẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá kọjú sí mi: "Ìyá ọmọ, tó bá ń datọ́, tó ń ṣeré, tó ń mu ọmú, kò séwu, ẹ ṣáà máa nù ún. Àmọ́ tí itọ́ bá ṣàdédé pọ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, tí mímí ń ni í lára, tàbí tí ara ẹ̀ gbóná, ẹ gbé e wá kíá. Ẹ má tìka bọ̀ ọ́ lọ́fun o." Ó wò mí. "Ṣé ẹ tiẹ̀ wo ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé?"

Èmi náà ò wò ó, mo kàn ń nu itọ́ ẹnu ẹ̀.

Ọmọ yẹn ti wọ iléèwé báyìí, ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́, tí mo bá ń gbọ́ ohùn ẹ̀, bíi kí n fò ni! Síbẹ̀, tí mo bá rántí ìbéèrè nọ́ọ̀sì yẹn, ara mi á gbóná. Màámi ti bẹ̀ mí, mo sì ti gbà. Èmi àti ara mi la ò tíì parí ìjà.